Bí A Ṣe Ń Fi Owó Gbà-Máà-Bínú Ta Ilé-iṣẹ́ Ìnṣọ́ránsì Lọ́rẹ: Ìtọ́ni fún Ọ̀dẹ̀ Onílé Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ọ̀dẹ̀ onílé ìlú Ọba, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú owó gáàsì. Mo kí yín ní Peckham, mo kí yín ní Thamesmead àti Dagenham, mo kí àwọn tó ti kó lọ sí Manchester nítorí pé ilé ibẹ̀ kò wọ́n tó ti Lọ́ńdọ́nù. Ẹ̀yin ni mo kọ ìtọ́ni yìí fún. Àwọn ọlọ́gbọ́n ò ní í rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀; wọ́n ti mọ ibi tí táàpù àgbà ilé wọn wà, wọ́n sì ti ka ìwé àdéhùn ìnṣọ́ránsì wọn dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá tiwọn lọ.

Àánú àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló ń ṣe mí. Omi tó ń ya láti inú páìpù wà lára ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn jù lọ lórí ọ̀rọ̀ ilé. Ẹgbẹ́ wọn, ABI, ti sọ ọ́ síta pé owó tí àwọn ń san lórí irú omi bẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù £1.8 lójúmọ́. Lójúmọ́ o! Bí gbogbo èèyàn bá ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ni wọ́n fẹ́ fi san owó iná ọ́fíìsì? Ó yẹ kí àwọn kan láàárín wa yọ̀ǹda tiwọn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ẹ̀yin ni mo rí.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ náà le. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wá àwáwí. Ẹnu yín, ọwọ́ yín àti fóònù yín ni àwáwí ti ń wá. Tiyín ni pé kí ẹ kó o jọ, kí ẹ dì í dáadáa, kí ẹ sì gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Orí fọ́ọ̀mù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ojúlówó ọ̀dẹ̀ kì í dúró de ọjọ́ tí páìpù bá bẹ́. Ọjọ́ tó ra ìnṣọ́ránsì ló ti ń múra sílẹ̀. Ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láàjìn, nígbà tí oorun ti ń kùn yín, kí ẹ ní kí wọ́n to gbogbo ìnṣọ́ránsì sílẹ̀ láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, kí ẹ sì mú èyí tó wà lókè pátápátá. Ẹ má wo iye excess rẹ̀, ìyẹn owó tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ní excess ọ̀tọ̀ fún omi páìpù, tó sì ga ju ti àwọn nǹkan yòókù lọ. Ẹ jẹ́ kó yà yín lẹ́nu lọ́jọ́ tó bá dé.

Fọ́ọ̀mù náà á bi yín léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé ẹnì kan ń háyà yàrá lọ́dọ̀ yín? Ẹ kọ "rárá", nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà nínú yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń sanwó lóṣooṣù. Ṣé ilé yín máa ń ṣófo ju ọjọ́ 30 léra lọ? Ẹ kọ "rárá", nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì Èkó ti wà nínú e-mail yín. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 2012 lórí irú ìdáhùn báyìí. Ó ní kí ẹni tó ń ra ìnṣọ́ránsì fún ilé ara rẹ̀ fara balẹ̀ tó bó ṣe yẹ, kó má baà dáhùn òdì. Bó bá jẹ́ àìbìkítà ló mú yín ṣì í kọ, tó sì jẹ́ pé owó tó ga ju èyí tí ẹ san lọ ni wọn ì bá gbà lọ́wọ́ yín, wọ́n lè gé owó gbà-máà-bínú yín níbàámu pẹ̀lú èyí tí ẹ san. Ẹni tó yẹ kó san £400 lọ́dún, tó wá san £200, ìdajì lásán ni wọ́n á fún un. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ ni, wọ́n lè ka àdéhùn náà sí èyí tí kò sí rí, kí owó tí ẹ sì ti san di tiwọn. Ẹ̀yin náà rí i pé ìdajì ò yẹ ọ̀dẹ̀ tó mọyì ara rẹ̀.

Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà: ti ilé, àti ti ẹrù inú ilé. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà máa ń ní kí èèyàn fojú inú gbé ilé rẹ̀ dojú dé: ohun tó bá já bọ́, ẹrù ni, ohun tó bá dúró síbi tó wà, ilé ni. Àga, bẹ́ẹ̀dì, aṣọ, tó fi mọ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ́pọ̀ ìgbà, ẹrù ni wọ́n. Àjà, ògiri àti kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ilé nìyẹn. Ẹyọ kan péré ni kí ẹ rà, kí ó sì jẹ́ èyí tí ẹ ò nílò. Bí àpẹẹrẹ, ẹ̀yin tó ń gbé fúláàtì, onílẹ̀ sábà máa ń ra ti ilé fún gbogbo bulọ́ọ̀kù, owó rẹ̀ sì wà nínú service charge tí ẹ ń san lọ́dọọdún tí ẹ ń ṣépè lé lórí. Ẹ tún ra ti ilé. Ògiri kan á wá ní ìnṣọ́ránsì méjì, bẹ́ẹ̀dì yín ò ní ní ẹyọ kan.

Ike áísìkirimù

Gbólóhùn kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwé àdéhùn tí kò sí: àwọn kò ní san owó lórí ohun tó bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Omi tó ya lójijì, wọ́n á san án. Omi tó ti ń kán láti ọdún Àjíǹde, tí ẹ sì ń wò ó níran, wọn ò ní san án. Ẹ kíyè sí "ẹ ń wò ó níran" yẹn dáadáa. Páìpù tó wà nínú ògiri tàbí lábẹ́ pákó ilẹ̀ lè máa jò fún oṣù mẹ́fà láìsí àmì kankan. Financial Ombudsman Service, tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kówó wọn, ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé kì í fi bẹ́ẹ̀ bójú mu kí ilé-iṣẹ́ fi gbólóhùn náà lé ẹni tí kò lè mọ̀ pé omi ń jò. Ewu ńlá nìyẹn fún iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé. Ọ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i dájú pé òun mọ̀, kí ẹ̀rí sì wà nílẹ̀ pé òun mọ̀.

Ibi tí ike áísìkirimù ti wúlò nìyẹn. Kò sí ilé Yorùbá tí ẹ ò ti ní í rí i nínú fìríìsà. Ohun kan tí kì í sí nínú rẹ̀ ni áísìkirimù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí omi lábẹ́ síǹkì, ẹ da ẹ̀gúsí inú rẹ̀ sínú ìkòkò, kí ẹ gbé ike náà sábẹ́ páìpù. Ẹ máa dà á nù láràárọ̀. Bó bá yá, tí ike ò gba omi náà mọ́, ẹ gbé bókẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Plọ́ńbà? Ẹ ò rí i pé omi náà ń wọ inú nǹkan. Ẹ ya fọ́tò bókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àǹtí yín ní Ìbàdàn lórí WhatsApp, kí ẹ sì gba ohùn tì í: "Àǹtí mi, ẹ wo ohun tí ojú mi ń rí o. Láti ọdún Àjíǹde ni." WhatsApp á bá yín kọ ọjọ́ àti aago sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí owó omi bá ga lójijì, ẹ ṣépè fún ilé-iṣẹ́ omi, kí ẹ sì san án. Àwọn kan máa ń ti gbogbo táàpù ilé, wọ́n á wo nọ́ńbà orí mítà, wọ́n á tún padà wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Bó bá ti yí, wọ́n mọ̀ pé omi ń lọ síbì kan tí kò yẹ. Àwọn tí kò níṣẹ́ nìyẹn.

Oṣù Kejìlá

Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀dẹ̀ tiwa ti ta gbogbo ọ̀dẹ̀ ayé yọ.

Ìgbà tí òtútù bá le jù nílùú Ọba ni ilé wa máa ń ṣófo. Òkú àgbà wà ní Ìjẹ̀bú, ìyàwó gbígbé wà ní Ìkẹjà, ta ló sì fẹ́ jókòó sí Croydon lọ́jọ́ Kérésì? Tíkẹ́ẹ̀tì á wá jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá dé ìparí Oṣù Kìíní. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló sọ pé bí ilé bá ti ṣófo ju ọjọ́ 30 léra lọ, àwọn mìíràn ọjọ́ 60, àwọn ò ní san owó omi páìpù mọ́ títí onílé á fi dé. Ẹ ra ti ọjọ́ 30, kí ẹ sì lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí ẹ bá fóònù wọn kí ẹ tó gbéra, wọ́n lè gbà láti fi ọjọ́ kún un, nígbà mìíràn wọ́n á gba owó díẹ̀ sí i. Nítorí náà ẹ má fóònù. Ìwé àdéhùn míì tún máa ń ní kí ẹ fi hítà sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà òtútù, tàbí kí ẹ fa omi inú páìpù dànù kí ẹ tó lọ. Ẹ pa hítà. Owó gáàsì tí ẹ bá rí tọ́jú níbẹ̀ á tó ra fìlà.

Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí omi bá di yìnyín, ó máa ń fẹ̀ tó bí ìdá 9 nínú 100. Páìpù ò ní àyè tó máa fi gba ìdá 9 yẹn. Àjà òkè, lábẹ́ òrùlé, ni òtútù ti ń mú páìpù jù, torí pé ooru ilé kì í débẹ̀. Páìpù á sán, yìnyín á di ibi tó sán pa, gbogbo ilé á parọ́rọ́. Ọjọ́ tí oòrùn bá yọ, tí yìnyín bá yọ́, ni omi á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: láti àjà sí yàrá, láti yàrá sí pálọ̀, láti pálọ̀ lọ bá aládùúgbò. Ẹ̀yin wà lójú agbo ní Ìjẹ̀bú, àwọn ọ̀rẹ́ ń lẹ owó mọ́ yín níwájú orí, onílù ń pe oríkì bàbá yín, àjà pálọ̀ yín sì ń já lulẹ̀ ní Croydon.

Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò òyìnbó, ẹ ò mọ ọkàn rẹ̀. Àbúrò yín tó wà ní Lewisham, ó lè mú ọmọ ọlọ́mọ wá síbẹ̀. Ilé tí èèyàn kan ń yọjú sí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó ń wo òkè àjà, omi tó bá ya níbẹ̀ kì í lè ya kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin fẹ́ tó oṣù kan. Nígbà tí ẹ bá wá wà ní Ìjẹ̀bú, ẹ gbé fọ́tò sórí Facebook lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn: "Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko nílé bàbá mi. Olúwa, mo dúpẹ́." Kò sí ẹni tó kà á léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìnṣọ́ránsì láti ní Facebook.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹ wà nílé nígbà tí páìpù bẹ́, ẹ ò ní láti sọ̀rètí nù. Táàpù kan wà tó ń ti omi gbogbo ilé pa, stopcock ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ síǹkì kíṣìnì ló sábà máa ń wà, lẹ́yìn náílọ̀n ńlá tí ẹ kó gbogbo náílọ̀n Tesco yòókù sí. Ẹ yí i sọ́wọ́ ọ̀tún, omi dúró. Ẹ má yí i. Pásítọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

Kí àlejò tó dé

Ìwé àdéhùn ní kí ẹ tètè fi tó àwọn létí. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi ronú sí i. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ pe bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó mọ iṣẹ́ páìpù díẹ̀. Á gé ibi tó bẹ́ kúrò, á sọ ọ́ sí garawa ìdọ̀tí, á fi tuntun síbẹ̀, á gba £150 lówó, á ní Ọlọ́run á bù kún yín. Rìsíìtì? Ará ilé ìgbàgbọ́ kì í já rìsíìtì fún ara wọn. Páìpù tó bẹ́ yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí tó lè sọ bóyá ojijì ló sán tàbí ìpẹtà ló ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Káńsù ti gbé e lọ ní ọjọ́ Ẹtì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ọ̀dà funfun, kí ẹ kun àjà. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé mátírẹ́ẹ̀sì lọ síbi ìdalẹ̀nù, kí ẹ má ya fọ́tò kankan. Ilé-iṣẹ́ kì í bínú bí ẹ bá kó ohun tó ti ń rà jáde nínú ilé, bó bá ti jẹ́ pé fọ́tò rẹ̀ wà, tí ẹ sì gé díẹ̀ nínú kápẹ́ẹ̀tì náà pa mọ́. Àmọ́ obìnrin ilé yín ò fẹ́ kí àlejò bá ilé nídọ̀tí, ọ̀rọ̀ sì tán.

Owó tí bọ̀dá yẹn gbà gan-an ni kí ẹ wá tẹnu mọ́. Títún páìpù fúnra rẹ̀ ṣe, ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ò sanwó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún ni ohun tí omi bàjẹ́, àti lọ́pọ̀ ìgbà, owó wíwá ibi tó ti ń jò: fífọ́ táìlì, híhú pákó ilẹ̀, àti dídí i padà. Trace and access ni wọ́n ń pe èyí, ó sì ní òdiwọ̀n tirẹ̀. Ẹ má dárúkọ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ pa làpálàpá: ẹ jà fún £150 páìpù títí ẹ̀ẹ́ fi gbàgbé àjà, ògiri àti ilẹ̀ pákó.

Àlejò tó mú pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́

Ẹni tí wọ́n máa rán wá ni wọ́n ń pè ní loss adjuster. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó mú ẹ̀rọ kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu lọ́wọ́, tó fi ń gún ògiri láti mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló ń sanwó iṣẹ́ fún un. Ẹ gbà á bí ọmọ ìyá yín tó ti Ẹdẹ dé. Ẹ gbé jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò síwájú rẹ̀, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì máa rojọ́.

Ó lè béèrè ogún ìbéèrè, ẹyọ kan ló mú un wá: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ọlọ́gbọ́n á sọ ohun tó mọ̀, á sì dákẹ́. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo rí àbàwọ́n lára àjà. Ọjọ́rú ni mo pe plọ́ńbà. Rìsíìtì rẹ̀ rèé." Ọ̀dẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ gbẹ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọ̀dẹ̀ á mí kanlẹ̀, á ju ọwọ́ sókè. "Ẹ̀ẹ́! Ilé yìí! Láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni ò ti jẹ́ n sùn. Omi lónìí, omi lọ́la. Ó ti tó ọdún mẹ́ta!" Irọ́ kọ́ ló sì pa. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni bọ́ílà tó dákú lọ́dún kìíní, gọ́tà tó dí lọ́dún kejì, àti táàpù bálùwẹ̀ tó ń kán. Ìrora ló ń kà, kì í ṣe ọjọ́. Ká ní ọmọ Yorùbá ló jókòó níwájú rẹ̀ ni, á ti dáhùn pé "ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fi èyí ṣe òpin", kò ní í ka ọdún kankan sí i. Ẹni tó mú pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́ kọ "ọdún 3", ó sì fàlà sí i nídìí. Mo gbà pé nínú gbogbo owó tí àwọn èèyàn wa ń fi ta ilé-iṣẹ́ lọ́rẹ, àròyé orí àga yìí ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé àdéhùn tó kìlọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì ní agbára, ẹ fi fọ́tò bókẹ́ẹ̀tì hàn án.

Ilé ọba tó jó

Wọ́n á ní kí ẹ kọ orúkọ ẹrù tó bàjẹ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọ̀dẹ̀ ti gbọ́ òwe náà, ó sì rò pé ìlànà ìnṣọ́ránsì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìṣòro wà. Ọ̀dẹ̀ rò pé àjọ lòun ń dá. Ó ti ń san £25 lóṣù fún ọdún 11. Ó ṣírò ó, ó di £3,300 lọ́wọ́ alájọ, àsìkò sì tó láti kó o. Bóyá kò tilẹ̀ yẹ ká bú u, torí pé ilé tí wọ́n ti ń dá èésú ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, níbi tí owó ẹni ti jẹ́ owó ẹni, tí ìkó á sì kàn èèyàn dandan. Owó ìnṣọ́ránsì ọdún 2016 ò sí níbì kankan mọ́. Ó ti tún kíṣìnì ẹlòmíì tó jóná ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún yín.

Nítorí náà, ẹ kọ tẹlifíṣọ̀n ńlá tó ti wọ kọ̀ǹténà lọ sí Àpápá ní Oṣù Kẹta sílẹ̀. Ẹ ní ó wà nínú pálọ̀ lọ́jọ́ tí omi ya. Ẹ ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín fi kọ̀ǹpútà ṣe rìsíìtì rẹ̀. Nínú òfin ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ṣe ní 2015, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kẹjọ 2016, bí èèyàn bá fi jìbìtì béèrè owó, ilé-iṣẹ́ ò ní láti san kọ́bọ̀ lórí gbogbo ìbéèrè náà, wọ́n lè gba èyí tí wọ́n ti san padà, wọ́n sì lè fòpin sí àdéhùn láti ọjọ́ tí jìbìtì náà wáyé. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: gbogbo ìbéèrè. Àjà tó já lóòótọ́, ilẹ̀ pákó tó wú lóòótọ́, tẹlifíṣọ̀n kan tó wà ní Àpápá ló máa gbé gbogbo wọn lọ. Láti 2012 ni ọlọ́pàá City of London ti ní ẹ̀ka kan tí kò ní iṣẹ́ míì ju jìbìtì ìnṣọ́ránsì lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì ní àkójọ kan, CUE, tí wọ́n ń kọ ìbéèrè owó àwọn èèyàn sí, kí ẹni tó ti gba owó kápẹ́ẹ̀tì níbì kan má baà tún un gbà níbòmíì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti CUE kì í tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dẹ̀ tó kàwé á sọ fún yín nípa ọkọ̀ ojú omi kan, DC Merwestone. Ní Oṣù Kìíní 2010, omi ya wọ yàrá ẹ́ńjìnì rẹ̀, àwọn olówó ọkọ̀ sì béèrè owó tó lé ní mílíọ̀nù €3. Nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé, wọ́n pa irọ́ kan lórí agogo ìkìlọ̀ tó wà nínú ọkọ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní irọ́ náà ti gba owó lọ́wọ́ wọn, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fara mọ́ ọn. Ní Oṣù Keje 2016, ilé-ẹjọ́ tó ga jù yí i padà: níwọ̀n bí owó náà ti tọ́ sí wọn yálà wọ́n purọ́ tàbí wọn ò purọ́, irọ́ náà ò ba nǹkan jẹ́. Ọ̀dẹ̀ á gbọ́ títí débẹ̀, á dìde, á lọ purọ́. Kò gbọ́ pé ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi jà á. Kò sì gbọ́ pé agogo wà nínú ọkọ̀ lóòótọ́, omi wọ ọkọ̀ lóòótọ́. Tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀ ni kò sí nílé.

Ohun kan ku tí kì í ṣe irọ́, tó sì dùn mí. Léèsì Austria tó wá láti Lustenau, sányán àti àlàárì tí wọ́n hun ní Ìṣẹ́yìn, gèlè tí ìyá fi sílẹ̀ kó tó kú: inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo wọn wà nígbà tí omi dé. Ọmọ òyìnbó tó jókòó sí ọ́fíìsì ò mọ̀ pé aṣọ òkè lè wọ́n ju kóòtù rẹ̀ lọ. Ẹ̀rí tó lágbára jù tí a ní wà nínú fọ́tò òwàḿbẹ̀: ẹ̀yin rèé, aṣọ rèé, ọjọ́ rèé, igba èèyàn sì ń jó lẹ́yìn yín. Ẹ kó fọ́tò mẹ́wàá, ẹ wá alágbàtà aṣọ kan tó lè kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á gbọ́. Ọ̀dẹ̀ kọ ìlà kan: "Aṣọ, £15,000." Ó ní ayé lè fi fọ́tò òun ṣe nǹkan.

Ẹ̀rọ tó ń pariwo

Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á gbé ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin wá, á máa dún tọ̀sántòru. Ẹ máa pa á ní alẹ́ nítorí owó iná. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń san owó iná tí ẹ̀rọ náà jẹ bí ẹ bá kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó parí, àmọ́ ìwé kíkọ ti sú yín. Bí ògiri bá ti gbẹ lójú, ẹ rẹ́ ẹ, ẹ kùn ún. Ẹ má dúró gba ìwé tó jẹ́rìí sí i pé ó gbẹ dénú. Bó bá fi máa di Oṣù Kẹfà, ògiri á ti máa bu, ilé-iṣẹ́ á sì ní àwọn ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Bí wọ́n bá fi owó lọ̀ yín dípò kí wọ́n tún ilé ṣe fúnra wọn, ẹ gba iye àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pè. Ẹ má béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò ó. Wọ́n lè ti ṣe é lórí iye tí àwọn káńtírátọ̀ tiwọn ń gbà, tí káńtírátọ̀ kankan ní Woolwich ò sì ní gbà lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ pé àwọn ló yan owó dípò àtúnṣe, ó tọ́ kí ẹ ní kí wọ́n san iye tó máa ná ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúnàádúrà tòmátì ní ọjà Ridley Road fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í dúnàádúrà àjà.

Bí wọ́n bá ní àwọn ò san

Ẹ bú wọn lórí fóònù. Ẹ bú ọmọbìnrin tó gbé fóònù, tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yín. Ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ẹ sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, níbi tí àwọn tó máa bá yín kẹ́dùn pọ̀ sí. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí ẹ jókòó kọ lẹ́tà tó sọ pé ẹ ń fẹjọ́ sùn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Bí ìdáhùn wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá tí wọn ò dáhùn, ẹ lè gbé e lọ bá Ombudsman, lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá ẹni tó máa gba ìdámẹ́ta owó yín láti bá yín gbé e lọ.

Oṣù mẹ́fà ni ẹ ní láti ọjọ́ tí ìdáhùn ìkẹyìn wọn bá jáde. Lẹ́tà náà á sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ojú ewé kejì. Ẹ̀yin ò ní í dé ojú ewé kejì. Ẹ fi lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀ tí bíìlì iná àti ìwé ìpè ìgbéyàwó wà, kí ẹ sì rí i ní oṣù keje.

Ìwé ìsọdọ̀tun á tún dé, pẹ̀lú ìbéèrè tirẹ̀: ṣé ẹ ti béèrè owó, tàbí ẹ ti pàdánù ohunkóhun, láàárín ọdún 5 sẹ́yìn? Ẹ rò ó wò. Wọn ò san kọ́bọ̀ fún yín. Ta ló wá lè sọ pé ẹ béèrè nǹkan kan? Orúkọ yín wà lórí CUE, àdírẹ́sì yín wà níbẹ̀, ọjọ́ tí omi ya wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin ò fojú rí i. Ẹ kọ "rárá".